Pípààrọ̀ táyà ọkọ̀ alágbára

Pípààrọ̀ táyà ọkọ̀ alágbára ni yíyan táyà mìíràn fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára gan-an, nígbà tí èyí tó bá a jáde láti ilé-iṣẹ́ bá ti jẹ tán, tó ti gbó tàbí tó ti bẹ́. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan títì kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí ibi mẹ́rin yẹn ni agbára ẹ́ńjìnnì, bírékì àti sítíárìn ń gbà dé ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, fi lè yára sí i tàbí kó di eléwu nítorí táyà nìkan.

Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà

Bí a bá rí 245/40 R18 97Y lára táyà, 245 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 40 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, tó jẹ́ mìlímítà 98. R ń sọ pé okùn inú táyà nà tààrà láti etí kan dé èkejì, wọn kò kọjá lórí ara wọn. 18 ni ríìmù rẹ̀ ní ínṣì. 97 ni òǹkà ẹrù: táyà kan lè ru kílógíráàmù 730. Y ni lẹ́tà eré, kìlómítà 300 ní wákàtí kan. W dúró ní 270, V ní 240, H ní 210. Bí wọ́n bá fi àmì ìkámọ́ yí òǹkà ẹrù àti Y ká, táyà náà lè kọjá 300.

A kì í ra táyà tí òǹkà ẹrù tàbí lẹ́tà eré rẹ̀ kéré sí ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ìwé ọkọ̀. Àwọn kan máa ń béèrè pé títì wo ni wọ́n ti fẹ́ sá 300 ní Nàìjíríà tí wọ́n fi nílò Y. Ọ̀rọ̀ eré nìkan kọ́ ni lẹ́tà yẹn ń sọ. Ó ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó, ooru sì ni ọ̀tá ńlá fún táyà ọkọ̀ wíwúwo tó ń sáré lójú ọ̀sán gangan lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn.

Àmì tí àwọn olùrà máa ń fojú fò jù ni ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. N0, N1 àti àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti Porsche. Ìràwọ̀ kékeré jẹ́ ti BMW. MO jẹ́ ti Mercedes-Benz. AO jẹ́ ti Audi. Táyà méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà àti ìwọ̀n kan náà, kí ọ̀kan ní N1 kí èkejì má ní i, kí rọ́bà àti okùn inú wọn sì yàtọ̀, nítorí pé ọkọ̀ pàtó ni wọ́n dán ọ̀kan wò fún. Porsche kìlọ̀ pé kí a má ṣe da àwọn tí nọ́ńbà N wọn yàtọ̀ pọ̀ sórí ọkọ̀ kan. Fún ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀, àmì yìí ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wá, kó tó béèrè iye owó.

Ní Yúróòpù, táyà tún gbọ́dọ̀ ní ìwé àlẹ̀mọ́ láti ọdún 2012. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní oṣù karùn-ún 2021 ń fi A dé E sọ bí táyà ṣe ń fi epo ṣòfò tó àti bí ó ṣe ń di títì mú nínú òjò, ó sì ń sọ ariwo rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí táyà ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó jẹ tán: Pilot Sport 4S ti Michelin gba 300, Pilot Sport Cup 2 gba 180. Ilé-iṣẹ́ táyà fúnra rẹ̀ ló ń fún táyà rẹ̀ ní nọ́ńbà yìí, nítorí náà kò dára láti fi wọn táyà ilé-iṣẹ́ kan mọ́ ti òmíràn.

Oríṣi

Táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ alágbára ń lò. Rọ́bà rẹ̀ ń le bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bí 7°C, ìṣòro tí kò kan Èkó. Irú ti Cup 2 sún mọ́ ti pápá ìdíje: ó di títì gbígbẹ mú gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní ihò omi tó pọ̀, kò sì yẹ ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́ nínú òjò oṣù kẹfà.

Àpẹẹrẹ Porsche Carrera GT

Mi ò mọ ọkọ̀ mìíràn tó fi ọ̀rọ̀ táyà hàn tó Carrera GT, tí Porsche ṣe ní Leipzig láàárín ọdún 2003 sí 2006. 1,270 péré ni wọ́n ṣe. Ẹ́ńjìnnì V10 oní lítà 5.7 ló wà lẹ́yìn awakọ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 612, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí jíà rẹ̀, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ dá ọkọ̀ padà bí ìdí rẹ̀ bá fẹ́ yọ̀. Táyà iwájú jẹ́ 265/35 ZR19, ti ẹ̀yìn jẹ́ 335/30 ZR20.

Ní ọdún 2004, awakọ̀ ìdíje Walter Röhrl wa á yí ká pápá ìdíje Nürburgring ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 28.71. Ní ọdún 2024, Michelin àti Porsche ṣe Pilot Sport Cup 2 tuntun fún ọkọ̀ yìí, Jörg Bergmeister sì fi í yí ká pápá kan náà ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12.69. Awakọ̀ yàtọ̀, títì náà sì ti rí àtúnṣe láàárín ogún ọdún, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 16 pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí gbà nígbà tí wọ́n bá náwó sórí ẹ́ńjìnnì.

Irú ọkọ̀ yìí kan náà ni òṣèré Paul Walker kú sínú rẹ̀ ní California ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2013. Òun kọ́ ló ń wà á. Àwọn olùwádìí sọ pé eré wọn wà láàárín kìlómítà 129 sí 150 ní wákàtí kan, níbi tí òfin fi mọ sí nǹkan bí 72, pé eré yẹn ló fà á, àti pé wọn kò rí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ náà. Wọ́n tún rí i pé táyà rẹ̀ ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Bí gbígbó táyà yẹn ṣe dá kún un tó kò ṣe é fi ìdánilójú sọ: ó lè ti dín bí ọkọ̀ ṣe ń di ilẹ̀ mú kù, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn nìkan ṣe ìdí ìjàǹbá náà. Ẹjọ́ tí ọmọ Walker pe Porsche parí sí àdéhùn ní ọdún 2017.

Ọjọ́ orí táyà

Iye ọdún tí táyà lè lò ni àwọn ògbóǹtarìgì kò tíì fẹnu kò lé lórí. Michelin ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó má sì kọjá mẹ́wàá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan sọ pé mẹ́fà ti tó. Ní Nàìjíríà, ohun tí SON (àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà) àti FRSC (àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) ń sọ fún awakọ̀ ni ọdún mẹ́rin. Láti oṣù kejì 2021, ìjọba Bìrìtìkó ti fòfin de táyà ọdún mẹ́wàá ní ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn tọ̀nà níbi tí wọ́n wà, torí ooru ń mú kí rọ́bà gbó kíákíá, tí oòrùn Kánò kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ti Manchester. Fún ọkọ̀ alágbára, mo fara mọ́ iye tó kéré.

Ọjọ́ orí kì í hàn lójú táyà. Ọkọ̀ alágbára tí wọ́n ń gbé sílé, tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú nìkan, lè ní ojú táyà tó kún dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti yi. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni kí a wò: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta, kí ọdún 2000 tó wọlé ni wọ́n ti ṣe é. Ibi ìtẹ́ táyà tòkunbọ̀ ni kíka nọ́ńbà yìí ti ń gbani jù, torí pé wọ́n máa ń fi nǹkan dúdú kun táyà níbẹ̀ títí yóò fi máa dán.

Ìtàn

Charles Goodyear ṣàwárí ní ọdún 1839 pé rọ́bà tí a fi imí ọjọ́ sè kì í yọ́ mọ́. John Boyd Dunlop fi afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ ní Belfast ní 1888. Michelin gba àṣẹ ìdásílẹ̀ táyà R ní 1946, èyí tó sọ eré gíga di ohun tó ṣeé ṣe láìsí ooru àpọ̀jù. Ní àárín àwọn ọdún 1970, P7 ti Pirelli mú ẹ̀gbẹ́ táyà wálẹ̀ fún Porsche 911 Turbo, láti ìgbà náà ni ẹ̀gbẹ́ ti ń kúrú tí ríìmù sì ń tóbi. Kòtò ojú títì wa ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ mìlímítà 93, bíi ti táyà iwájú Carrera GT, kò ní ààyè tó láti gba ìkọlù, ríìmù á tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á wú. Michelin ní Port Harcourt àti Dunlop ní Ìkẹjà ti dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró kí ọdún 2010 tó dé, láti òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà ń ti wá báyìí.

Fífi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀

Méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ẹ̀yìn ni kí méjì tuntun wà, torí ìdí ọkọ̀ tó bá yọ̀ nínú òjò ṣòro dá padà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ nílò táyà mẹ́rin tó jẹ bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí jíà á máa jà. Òfin Yúróòpù ní kí ojú táyà má dín sí mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n dídi títì mú nínú omi ti ń bàjẹ́ tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Mìlímítà 3 ni ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì ń gbani nímọ̀ràn. Nígbà tí táyà bá tutù ni kí fọ́kànáísà fi géèjì wọn atẹ́gùn rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìrìn-àjò. Ihò kékeré láàárín ojú táyà ṣeé lẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní àtúnṣe, kí wọ́n sì gé táyà náà kí ẹlòmíràn má baà rà á ní tòkunbọ̀.