Ẹ̀wù Tí Kòkòrò Òtútù Àyà Ń Wọ̀



Tí òtútù àyà bá mú ọmọ, omi tútù, fáànù tàbí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ la sábà máa ń dá lẹ́bi. Orúkọ àìsàn náà ló ń tàn wá. Kòkòrò ló ń fà á. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó burú gan-an nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pneumococcus. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí àṣírí rẹ̀, torí inú ìtàn yẹn ni ìdí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń fún àwọn ọmọ yín wà.

Ní 1928, dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí fún ìjọba nílùú London, Frederick Griffith, kọ ohun tó rí lára eku jáde. Oríṣi kòkòrò yìí méjì ló lò. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù, ìyẹn ohun kan tó ń yọ̀, tó bo gbogbo ara rẹ̀. Ìkejì kò ní ẹ̀wù.

Ó gún aláìlẹ́wù sí eku lára, eku yè. Ó gún ẹlẹ́wù sí òmíràn, eku kú. Ó fi ooru pa ẹlẹ́wù kó tó gún un sí eku, eku yè. Lẹ́yìn náà ló wá da òkú ẹlẹ́wù pọ̀ mọ́ ààyè aláìlẹ́wù. Kò sí èyí tó lè dá pa eku nínú méjèèjì, síbẹ̀ àwọn eku kú. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ẹlẹ́wù tó wà láàyè ló bá níbẹ̀! Aláìlẹ́wù ti gba ọgbọ́n ẹ̀wù lára òkú.

Ní 1944, Oswald Avery, Colin MacLeod àti Maclyn McCarty fi hàn ní New York pé DNA ni ohun tó gbé ọgbọ́n náà kọjá. Òun náà ni àwa èèyàn fi ń jogún ìrísí àwọn òbí wa.

Kí ni ẹ̀wù yìí ń ṣe? Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ẹlẹ́wù ń yọ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó gbé e mì. Ẹ máa ń fi eérú tàbí iyọ̀ pa ẹja lára kí ọwọ́ lè dì í mú. Ara wa náà ní eérú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ̀wù yẹn kó tó lè ṣe èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn. Díẹ̀ lára ẹ̀wù ló wà nínú rẹ̀, kò sí kòkòrò ààyè níbẹ̀, nítorí náà kò lè fa òtútù àyà. Irú ṣúgà kan ni ẹ̀wù náà, ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kì í sì í dá a mọ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó mọ́ purotéènì.

Láti 2014 ló ti wà nínú àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ jẹ́ kó pé ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ṣe là ń rán ara létí. Ẹ̀yin àgbàlagbà náà, agbára ara ń dínkù bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀, abẹ́rẹ́ tiyín sì wà. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín.

Ẹ̀wù kòkòrò yìí ju oríṣi 90 lọ, abẹ́rẹ́ kò sì kó gbogbo wọn. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má dúró fi ìpara pa á láyà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ àti ìyàwó ilé yín tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. A kò ní fọmọ sunkún o.