Òṣùwọ̀n Òdodo nínú Kíkọ Ìtàn Ìgbésí-Ayé Òṣèlú: Àpẹẹrẹ Thaddeus Stevens ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kan akọ̀tàn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹni tí akọ̀tàn ń gbé yẹ̀wò ti kú, kò sì lè wí tẹnu rẹ̀ mọ́. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá jẹ́ òṣèlú tí àwọn kan kà sí olùgbàlà, tí àwọn mìíràn sì kà sí ìkà ènìyàn, iṣẹ́ náà a túbọ̀ le. Àwọn òǹkọ̀wé kan gbà pé bí a bá ti pín ìyìn àti ẹ̀bi ní ọgbọọgba, òdodo ti dé. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Òdodo nínú ìtàn ìgbésí-ayé ni kí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọdún rẹ̀, kí a béèrè ẹ̀rí rẹ̀, kí a sì wo àwọn tí àbájáde rẹ̀ kàn. Ìtàn Thaddeus Stevens ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ta ni Thaddeus Stevens?

Ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Vermont ni wọ́n ti bí Stevens ní ọdún 1792. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, inú ìṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní ọdún 1814, ó sì ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Gettysburg, lẹ́yìn náà ní Lancaster, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ní ọdún 1835, ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pa òfin ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ́. Ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ti Amẹ́ríkà láti ọdún 1849 sí 1853, ó sì padà síbẹ̀ ní ọdún 1859, títí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1868. Ó wà lára àwọn tí ó jà kíkankíkan fún Àtúnṣe Kẹtàlá sí ìwé òfin, èyí tí ó fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865, àti Àtúnṣe Kẹrìnlá, èyí tí ó sọ àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ di ọmọ onílùú.

Bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń yí padà

Lẹ́yìn ikú Stevens, agbára padà sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ní ìhà Gúúsù. Àwọn akọ̀tàn tí William Dunning ti Yunifásítì Columbia jẹ́ aṣáájú fún kọ ọ́ pé àṣìṣe ńlá ni Àkókò Àtúntò tí ó tẹ̀lé Ogun Abẹ́lé. Ní ọdún 1915, sinimá The Birth of a Nation gbé òṣèlú kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Austin Stoneman. Stevens ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀, ìbẹ̀rù àti ẹ̀gàn ni wọ́n sì fi kùn ún.

Kì í ṣe Stevens nìkan ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bà lórúkọ jẹ́. Bí ẹni tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú bá jẹ́ aṣiwèrè, a jẹ́ pé ẹ̀tọ́ náà fúnra rẹ̀ kò tọ́ sí wọn. Èrò yìí ni wọ́n fi ń gbe òfin tí ó gba ìbò lọ́wọ́ wọn lẹ́sẹ̀. W. E. B. Du Bois ta kò ó nínú ìwé rẹ̀, Black Reconstruction in America, ní ọdún 1935. Nígbà tí Hans Trefousse kọ ìtàn Stevens ní ọdún 1997, ọ̀rọ̀ ti yí: ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọgbọọgba ni ó pè é. Sinimá Lincoln ti ọdún 2012 sì fi í hàn gẹ́gẹ́ bí akọni. Ewu mìíràn wá dé nìyí, nítorí pé ẹni tí wọ́n ti sọ di èṣù lánàá lè di ańgẹ́lì lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rí yẹ̀wò.

Àwọn ẹ̀sùn lórí òṣùwọ̀n

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀san ni Stevens ń gbà lára ìhà Gúúsù. Òtítọ́ ni pé ọmọ ogun Gúúsù dáná sun ilé-iṣẹ́ irin rẹ̀ ní Caledonia ní oṣù Kẹfà ọdún 1863. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1838, ọdún 25 ṣáájú iná yẹn, ó ti kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun Pennsylvania nítorí pé ó gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1851 pàápàá, ó wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí ó gbèjà Castner Hanway, ẹni tí ìjọba fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn lẹ́yìn tí àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n mú àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ní Christiana. Iná lè dá kún ìbínú rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó bí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ọdún kan náà tí ó gbè é nínú ẹ̀sùn yìí lè ta kò ó nínú òmíràn. Ní ọdún 1821, Charity Butler, obìnrin ẹrú kan, bẹ ilé-ẹjọ́ Pennsylvania pé kí ó dá òun sílẹ̀, nítorí pé òun ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún iye oṣù tí òfin là sílẹ̀. Stevens ni agbẹjọ́rò fún ẹni tí ó ni ẹrú. Ó jàre, obìnrin náà sì wà lóko ẹrú síbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn Stevens máa ń fẹ́ fo ojú-ewé yìí. Ẹni tí ó bá fò ó ti sọ ìdàgbàsókè ọkàn ọkùnrin náà nù, ó sì ti pa Charity Butler rẹ́ kúrò nínú ìtàn lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ Lydia Hamilton Smith, opó tí ó ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí ó bójú tó ilé Stevens fún nǹkan bí 20 ọdún. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pè é ní àlè. Kò sí ẹ̀rí tí ó fìdí èyí múlẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé Stevens fi owó sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Akọ̀tàn olóòótọ́ a kọ èyí tí ó dájú, a sì pe àhesọ ní àhesọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti Ààrẹ Andrew Johnson. Stevens wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù yíyọ Johnson nípò ní ọdún 1868, lórí òfin kan tí kò jẹ́ kí Ààrẹ yọ àwọn mínísítà rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ìbò kan ṣoṣo ni ó kù kí wọ́n yọ ọ́. Ní ọdún 1926, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ìwé òfin mu. Níhìn-ín, ìtara Stevens kọjá ibi tí òfin lè gbé e dé. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbàgbé pé Johnson ti lo agbára rẹ̀ láti dènà ààbò fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1865, Stevens dábàá pé kí wọ́n gba ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ọlọ̀tẹ̀, kí wọ́n sì fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí a dá sílẹ̀ ní éékà 40. Àwọn aṣòfin kò gbà. Àwọn òǹkọ̀wé ìjọ́un pe àbá náà ní ìwà ìkà; àwọn ti òde òní rí i pé àìní ilẹ̀ ni ó dá ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú padà sábẹ́ àwọn olówó wọn àtijọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni; ẹni tí òǹkọ̀wé ń wò lójú ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, òṣùwọ̀n akọ̀tàn kò gbọdọ̀ dúró sórí Stevens àti àwọn ọ̀tá rẹ̀ nìkan. Ó gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Charity Butler, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gba éékà 40 náà.

Itẹ́ òkú tí kò ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ni Stevens fúnra rẹ̀ yàn ní Lancaster, níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Yíyàn yìí kò pa ọdún 1821 rẹ́, ọdún 1821 kò sì pa á rẹ́. Ojúṣe òǹkọ̀wé ni láti gbé méjèèjì kalẹ̀ fún òǹkàwé, pẹ̀lú ọdún wọn àti ẹ̀rí wọn.