Itọ́ Kọ́ Ni Amọ̀

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí òwe yìí ń sọ kò fara sin: iṣẹ́ tí a kò fún ní okun tó yẹ kò ní í dúró de òjò, ìrì òwúrọ̀ ti tó láti tú u ká. Ẹlẹ́tàn ni àwọn àgbà sábà máa ń fi bá wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé gan-an ni mo gbé wá, ilé tí à ń sùn tí a sì ń jí nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ òde òní ń wá ọ̀nà láti kọ́ fún mẹ̀kúnnù láìba ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Àwọn kan ń pè é ní ilé aláwọ̀ ewé, bí ẹni pé ọ̀dà ara ògiri ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ilé tí kò jẹ ilẹ̀ ní gbèsè ni èmi ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí òwe náà dá sílẹ̀: èwo gan-an ni itọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní amọ̀ ni. Bí ẹ bá sọ fún ará ìlú pé yẹ̀pẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi kọ́lé fún un, ojú rẹ̀ yóò yí padà. Lójú tirẹ̀, ìṣẹ́ ni ẹ fi ń lọ̀ ọ́. Èrò yìí gbilẹ̀, ṣùgbọ́n òwe náà kò gbè é lẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀. Kò ní ilé tí a fi itọ́ kọ́, ó ní ilé tí a fi itọ́ mọ. Mímọ ni iṣẹ́ amọ̀kòkò, mímọ sì ni iṣẹ́ ẹni tó ń gbé ògiri ẹrẹ̀ ró. Ẹni tó pa òwe náà mọ̀ dájú pé amọ̀ ni ilé, kò sì rí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Ẹni tó ń bá wí ni ẹni tó yẹ kó pọnmi lódò, kó tẹ ẹrẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi ro ó, ṣùgbọ́n tó lọ tutọ́ sí i, tó ní ó ti tó.

Àwọn amọlé àtijọ́ kì í tutọ́ sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọn kì í lo ilẹ̀ dúdú òkè tí ewé jẹrà sí. Wọ́n a gbẹ́ ẹ kọjá títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ pupa tí iyanrìn àti amọ̀ jọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n a bu omi sí i, wọ́n a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n a tún padà tẹ̀ ẹ́. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á wú, á sì tẹ̀. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bò ó, koríko kan náà tí kíkó rẹ̀ wá bo ààfin Aláàfin di ọdún ńlá ní Ọ̀yọ́. Etí òrùlé náà a sì yọ jáde bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òjò má baà kan ara ògiri. Àwọn ará Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ènìyàn ṣì ń gbé inú ilé amọ̀ tó ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún, a máa sọ pé kìkì ohun tí ilé amọ̀ ń béèrè ni fìlà tó dára àti bàtà tó dára. Fìlà ni òrùlé tó yọ etí. Bàtà ni ìpìlẹ̀ òkúta tó gbé ògiri kúrò nínú omi ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Símẹ́ǹtì àti irin ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kò sí ohun èlò kan láyé tí kò ní itọ́ tirẹ̀, gbogbo wa la sì ti rí búlọ́ọ̀kù tí símẹ́ǹtì inú rẹ̀ kéré débi pé ọmọdé lè fi èékánná họ ọ́.

Símẹ́ǹtì tún ní gbèsè tó ń jẹ. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ẹ̀wékorò àti Ṣàgámù, inú iná tí ooru rẹ̀ tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń sun ún sí. Ọ̀pọ̀ rò pé iná yẹn nìkan ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù nínú, bó bá sì ti jóná, ó tú u sílẹ̀, ìdá tó pọ̀ jù nínú èéfín iṣẹ́ náà ló sì ti ibẹ̀ wá. Bí a bá kó gbogbo afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú jáde láyé jọ, nǹkan bí 8 nínú 100 ló ti ọ̀dọ̀ símẹ́ǹtì wá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ símẹ́ǹtì nù. Díẹ̀ rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100, tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra, yóò di búlọ́ọ̀kù tí òjò kò lè ṣe ní nǹkan kan. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní Idumuje-Ugboko ní 1935 tó sì fi Ìbàdàn ṣe ibi iṣẹ́, ti ń po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ símẹ́ǹtì láti bí àádọ́ta ọdún. Latcrete ló pe àdàlù náà. Ní 2023 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó pẹ́ jù.

Ní Burkina Faso, Francis Kéré parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sí Gando, abúlé tí wọ́n ti bí i, ní 2001, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe iyèméjì: ọmọ tí a rán lọ sí Jámánì, ṣé amọ̀ ló lọ kọ́ bọ̀? Ó fi símẹ́ǹtì díẹ̀ ki amọ̀ náà láyà. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá, kó máa kó ooru lọ. Ó jẹ́ kí etí páànù náà gùn jáde. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù láàárín àwọn ayàwòrán ilé. Páànù yẹn ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ lé. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ló jù: àwọn ọmọdé gbé òkúta ìpìlẹ̀ wá, àwọn obìnrin pọnmi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kọ́ iṣẹ́ náà débi pé wọ́n ń fi í jẹun lẹ́yìn ìgbà náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìkópa ará ìlú ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ìwé ìtọrọ owó kan tí kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, wọ́n a ní, "Bí àáró àti ọ̀wẹ̀ tiyín náà ni." Ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn jà. Àáró àti ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ìbejì. Fadipe, ẹni tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1970, yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa tí a wá lẹ́yìn la dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀wẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan ju agbára mi lọ, mo wá pe ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́. Mo gún iyán, mo gbé ẹmu kalẹ̀. Wọ́n wá, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ka ọjọ́ sílẹ̀ dè mí. Ọkọ lè kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lọ bá bàbá ìyàwó rẹ̀ mọ ògiri, kò sì ní í retí kí àna òun wá mọ tòun. Ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀wẹ̀, àti ọlá ẹni tó pe ni.

Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn dọ́gba ló ń ṣe é. Wọ́n ṣe ti Òjó lónìí, ti Àjàyí lọ́la, ti Àkàndé lọ́túnla, títí yóò fi yí ká. Bí Àjàyí bá ṣàìsàn, ó ní láti wá ẹni rán, tàbí kó jẹ gbèsè ọjọ́ kan. Bó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ Òjó, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀la ń mọ́ bọ̀ wá bá tòun. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì lọ títí, nítorí kò sẹ́ni tó ṣe inúrere fún ẹnì kejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dún láàárín wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́: ta ló kàn?

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé wa. Ilé tí kò jẹ ilẹ̀ ní gbèsè kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ara ògiri amọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́yìn òjò. Ọ̀nà omi etí òrùlé ń fẹ́ kí wọ́n gbá ewé kúrò nínú rẹ̀ kí omi òjò tó lè dé inú táǹkì ní mímọ́. Bátìrì tó ń gba iná oòrùn ń fẹ́ àbójútó, ó sì ní ọjọ́ tí yóò kú tí wọ́n gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Gbogbo èyí, àáró ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀wẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń pè: wọ́n se oúnjẹ, wọ́n pín aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ sí láyà, gbogbo abúlé tú jáde, wọ́n ya fọ́tò, ọkọ̀ wọn yí padà. Mo dé abúlé kan rí lọ́nà Ìsẹ́yìn tí àjọ kan ti ṣe irú rẹ̀. Táǹkì omi òjò náà dára, ó tóbi, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i sí i lára. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ń gbé omi wọ inú rẹ̀ ti já, ìṣó méjì péré ló nílò. Mo bi bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò kàn án padà. Ó ní, "A ń retí wọn ni, ọmọ mi. Tiwọn ni." Ó dá mi lóhùn tọkàntọkàn, òótọ́ ló sì sọ.

Ní Úrúgúwè, àwọn tí wọn kò gbọ́ orúkọ àáró rí ti ń fi í kọ́lé láti 1966. Òfin ilé gbígbé wọn, 13.728, tó jáde ní oṣù Kejìlá 1968, fún ẹgbẹ́ alájùmọ̀ní lágbára láti yá owó ìjọba kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan a máa ṣe tó wákàtí 21 lọ́sẹ̀ títí ilé gbogbo wọn yóò fi parí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí ni wọ́n tó ń ṣẹ́ gègé. Ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù kò lè fi ìmẹ́lẹ́ to ti aládùúgbò, nítorí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni òun yóò sùn. Ayàwòrán ilé wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò wà, olùṣírò owó wà, òfin sì gba iṣẹ́ wọn wọlé. Ẹgbẹ́ ló ń gbà wọ́n síṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ fọ́ àwọn ilé náà sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, FUCVAM, tí í ṣe àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí láti 1970, kó ìbuwọ́lùwé tó ju 300,000 lọ jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1984. Ọ̀wẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn.

Àwọn kan yóò ní ìlú ńlá kò gba àáró, pé àlejò ni gbogbo wa ní Èkó, ọwọ́ wa kò dọ́gba. Ẹ lọ béèrè lọ́jà Mushin. Èésú tí àwọn ìyá wa ń dá, kí ni bí kò ṣe àáró owó? Àlejò pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ gbogbo wọn ló mọ ẹni tó kàn.

Mo ti jìnnà sí òwe mi, ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀. Hassan Fathy, ayàwòrán ilé, fi amọ̀ kọ́ abúlé Gourna Tuntun lẹ́bàá Luxor ní Íjíbítì láti 1946, ilé tó rẹwà. Iṣẹ́ náà kò yọrí, ọ̀pọ̀ sì ní amọ̀ ló bà á jẹ́. Rárá o. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún ni kò fẹ́ kó wá, nítorí orí ibojì àtijọ́ tí wọ́n ń gbé ni oúnjẹ wọn ti ń jáde, kò sì sí ẹni tó bá wọn dá àáró kankan. Ní Makoko ní Èkó, ilé ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ní 2013 wó nínú òjò ńlá ní oṣù Kẹfà 2016, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ó ti ń rẹ̀. Iṣẹ́ àdánwò ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n inú rẹ̀. Pátákó orí omi yóò rẹ̀ dandan bí kò bá sí ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ kàn lóṣooṣù. Ìyẹn ni itọ́ tí mo ń wí, amọ̀ kọ́, pátákó kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán ilé fún mẹ̀kúnnù, ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yin tí ẹ ń wá owó iṣẹ́ náà káàkiri ayé, ẹ jọ̀ọ́: kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, ẹ jókòó ti àwọn tí yóò gbé inú ilé náà, kí ẹ jọ kọ orúkọ sílẹ̀, ti ẹni tí yóò gun òrùlé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ àti ti ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gba owó ìkẹyìn títí orúkọ yóò fi pé.