Àmì Etí Ewúrẹ́

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yìí jẹ́ kí a mọ̀ pé ó pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń wá ẹran tó ṣìnà. Láyé àtijọ́, ní àwọn ìlú wa gbogbo, títí dé àgbègbè igbó bíi ti Àjàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ewúrẹ́ kì í gbé inú ọgbà. Olúkúlùkù a gé etí ẹran tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, a sì so àkísà mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹni tó bá rí ẹran àjèjì a so ó mọ́lẹ̀, a fi tó baálẹ̀ létí, akéde a sì lu agogo. Ẹni tó bá wá gbà á ní láti sọ àmì rẹ̀ kí a tó tú okùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2016, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ajá ní ẹ̀rọ tíńtín lábẹ́ awọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti etí gígé ń ṣe. Ṣùgbọ́n àmì kò lè dá ẹran padà fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó rí i kò bá jẹ́ olóòótọ́, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni àmì náà yóò parí sí.