Ìwọ̀fà Tó Bọ́ Lóko Olówó: Ta Ni Yóò Bá A Bo Ilé?

Láyé àtijọ́, ẹni tó jẹ gbèsè tí kò rí san lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé. Iṣẹ́ náà kì í dín owó kù. Bó bá wá san án tán, tó délé, tí ilé ń jò, ta ni yóò ràn án lọ́wọ́?

Nígbà tí a ń fi koríko bẹẹrẹ bolé, ọ̀wẹ̀ ni yóò bẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ á wá bá a ṣe é, òun á wá oúnjẹ àti ẹmu. Gbèsè ibẹ̀ kò ju kí òun náà jẹ́ ìpè wọn lọ́jọ́ mìíràn.

Nígbà tí páànù dé, owó ni wọ́n ń fi rà á. Èésú, tó ti wà tipẹ́, ló kù. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921: gbogbo ẹgbẹ́ á dá iye kan náà, wọ́n á máa kó o níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èlé níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o dà bí ẹni tó yáwó; ẹni tó kó o kẹ́yìn dà bí ẹni tó tọ́jú owó.

Lójú tèmi, ipò ìkẹyìn ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú gbèsè. Bó bá ń dá owó déédéé, ẹgbẹ́ á fọkàn tán an. Nígbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, ó lè bẹ̀ wọ́n kó ṣáájú.