Rírẹ́wọ́ Igi Òdòdó ní Owódé Ẹ̀gbá

Rírẹ́wọ́ igi òdòdó ni gígé lára ẹ̀ka àwọn igi kúkurú tó ń tanná, kí ìdúró wọn lè wuyì, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá láàárín ewé wọn, kí òdòdó sì lè pọ̀ lórí wọn. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí Owódé jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n bí ilé tuntun ṣe ń dìde níbẹ̀, títí dé Mówè àti Ìbàfò lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó ń pọ̀ sí i níwájú fẹ́ǹsì. Ẹni tó ń ṣán koríko àgbàlá ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ rírẹ́ wọn fún. Àdá kan náà ló ń fi gé gbogbo wọn dọ́gba, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń fi igi ṣọgbà. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà ilẹ̀. Lápálápá ni wọ́n fi ń yí ilé ká. Akòko, tí ewé rẹ̀ jẹ́ ewé oyè, máa ń yọ òdòdó tó pọ́n mọ́ àwọ̀ àlùkò, ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n bá sì rì mọ́lẹ̀ máa ń hù. Àjèjì ni èyí tó pọ̀ jù nínú òdòdó ọgbà òde òní. Ilẹ̀ Éṣíà ni hibiscus ti wá. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ni ìlú ìbílẹ̀ ixora. Allamanda àti bougainvillea wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1767, ní Rio de Janeiro, ni Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí bougainvillea, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ tó gbé e lọ, Louis Antoine de Bougainville, ni wọ́n sì fi pè é. Ohun aláwọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní òdòdó bougainvillea, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn funfun kéékèèké mẹ́ta tó wà láàárín.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó mú ọ̀bẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí igi náà ti ń rudi. Orí ẹ̀ka ní oje kan tó ń dá àwọn ojú ìsàlẹ̀ dúró kí wọ́n má baà rúwé. Bí wọ́n bá gé orí yẹn kúrò, àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ á jí, ẹ̀ka kan á sì di méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀mùnú tuntun báyìí ni hibiscus, bougainvillea àti Pride of Barbados fi ń tanná, nítorí náà wọn kì í bínú bí wọ́n bá gé wọn dáadáa. Ixora náà ń tanná lórí ṣóńṣó ẹ̀ka, àmọ́ kì í yára hù. Ẹni tó bá ń gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìrudi rẹ̀ ló ń gé dànù.

Ẹ wo yellow bush, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò tí kò sí. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ pé ó máa ń tanná rárá, torí wọn kò fún un láyè rí. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, á sì so èso pupa rúsúrúsú wẹ́wẹ́ tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fi sẹ́nu, nítorí ó ní májèlé.

Àsìkò ṣe pàtàkì púpọ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìgbà àkọ́rọ̀ òjò yìí ló dára jù fún gígé ńlá, torí omi wà nílẹ̀ tí ọ̀mùnú máa fi dàgbà. Ẹni tó bá gé hibiscus rẹ̀ wálẹ̀ nínú ọyẹ́, igi gbígbẹ ló máa wò fún ìgbà pípẹ́. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni bougainvillea ń tanná jù, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó tàn tán ná kí wọ́n tó gé e. Omi àti ìgbẹ́ adìyẹ àpọ̀jù kì í jẹ́ kó tàn. Ewé nìkan ni yóò máa yọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ hibiscus tó ti di igbó, ẹ̀ka tó ti kú ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, láti ìdí. Èyí tó ń gun orí ara wọn ló kàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ kúrò. Ọ̀bẹ á bọ́ sókè díẹ̀ sí ojú tó kọjú síta, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi òjò lè ṣàn kúrò lójú ọgbẹ́. Àlùmọ́gàjí òdòdó tó mú sàn ju àdá lọ, torí àdá máa ń fa igi ya, ibi tó ya ni àrùn ń gbà wọlé.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni ixora ń fẹ́, ṣùgbọ́n ìdí fẹ́ǹsì tuntun ni wọ́n ń gbìn ín sí, níbi tí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì kún. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí èròjà áyọ́ọ̀nù (iron) fà. Ewé tuntun á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan ewé nìkan ló máa dúró ní àwọ̀ ewéko. Àwọn kan á rò pé oúnjẹ ló ń wá, wọ́n á da ajílẹ̀ sí i. Kò ní wò ó sàn. Ohun tó dára ni kí wọ́n kó àfọ́kù náà kúrò, kí wọ́n gbìn ín jìnnà sí ògiri, kí wọ́n sì da ewé jíjẹrà sí ìdí rẹ̀.

Kòkòrò funfun tó ń bo ọ̀mùnú hibiscus bí òwú ń fa oje rẹ̀ mu, èèrà sì ń dáàbò bò ó nítorí omi adùn tó ń yọ. Wọ́n á gé ọ̀mùnú tó bá ti kákò sọnù, wọ́n á fi omi ọṣẹ tàbí omi ewé dóńgóyárò fọ́n ìyókù. Igi òdòdó mìíràn tó ń fẹ́ ìṣọ́ra ni olómi-òjò. Ìbọ̀wọ́ ni kí wọ́n fi mú un, torí oje funfun rẹ̀ àti èso rẹ̀ lè da ọkàn èèyàn rú títí dójú ikú. Kò yẹ kí wọ́n da ẹ̀ka rẹ̀ síbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ.

Ẹ̀ka tí wọ́n gé lára hibiscus tàbí bougainvillea kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọn tó ń gbin òdòdó tà létí títì máa ń gé e ní kúkurú, wọ́n á ya ewé ìsàlẹ̀ kúrò, wọ́n á sì kì í bọ inú ọ̀rá dúdú tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí, lábẹ́ ibòji. Ixora kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó ta gbòǹgbò, kò sì yẹ kí wọ́n máa fà á tu wò.