Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ọgbà Libreville

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó bá ti ṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́bàá ọgbà rí mọ̀ pé kì í fò, kì í sì í já ilẹ̀kùn. Imú ló máa ń kọ́kọ́ tì bọ àlàfo tó wà láàárín igi méjì. Á hú ilẹ̀ díẹ̀, á sinmi; orí á tẹ̀ lé imú, èjìká á tẹ̀ lé orí. Kí olóko tó dé, ẹ̀gẹ́ ti tán. Ẹni tó ń fojú kékeré wo ìwàkiwà làwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Èmi fẹ́ gbé e lọ síbi tí ọgbà ti jẹ́ ọgbà gan-an: ibi tí ìdílé kan ti ń tọ́jú òdòdó àti igi eléso fún títà ní Libreville, olú ìlú Gabon.

Etí omi ni Libreville wà, níbi tí odò Komo ti ń wọ òkun. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 2,500 mìlímítà. Láti June títí wọ September, ojú ọ̀run á ṣú, ṣùgbọ́n òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Nígbà òjò, omi á kún inú náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n gbin nǹkan sí, ìdí ọ̀gbìn kékeré á sì rà. Nígbà tí òjò bá dá, gbogbo wọn á máa wo ọwọ́ ẹni tó ń bomi rin wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìdílé náà bí ilé Yorùbá kan: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti àbúrò bàbá kan. Wọ́n ń ta hibiscus, ọsàn, píà, ìbẹ́pẹ, àti atanga, èso aláwọ̀ àlùkò tí àwọn ará Gabon ń fi omi gbígbóná mú rọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rọ omi wà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ni ọjà wà. Bí ó bá jẹ́ ogójì ìṣísẹ̀ ni àlọ, tí àbọ̀ náà jẹ́ ogójì, tí wọ́n sì ń gbé ọgọ́ta agolo omi lójúmọ́, ìṣísẹ̀ 4,800 nìyẹn. Lọ́jọ́ mẹ́fà, ó di 28,800. Kò sí oníbàárà kan tó ra ìṣísẹ̀ kankan nínú wọn. Imú ẹlẹ́dẹ̀ rèé o, kò sì sẹ́ni tó rí i, nítorí ẹni tó ń làágùn kì í gbà pé òun ń fi nǹkan ṣòfò.

Taiichi Ohno, ẹnjiníà Toyota ní Japan, pín irú òfò báyìí sí ọ̀nà méje. N kò ní ka méjèèje; èyí tó kà sí ìyá wọn ni kéèyàn máa ṣe ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Bàbá gbin ọsàn 500 torí pé ilẹ̀dú wà nílẹ̀, ẹni tó rà kò ju 200 lọ. Gbòǹgbò ìyókù ti lu náílọ́ọ̀nù, ó ń lọ́ mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Bàbá ń pè é ní ọjà. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ ọ́: gbèsè ni, gbèsè tó ń mu omi.

Ohun tí Ohno kọ́ lára àwọn ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà ni pé àyè tó ṣófo lórí pẹpẹ ló yẹ kó sọ ohun tí wọn yóò gbé wá. Ó wá fi káàdì sáàárín àwọn ẹ̀yà mọ́tò. Ibi tí káàdì bá ti yọ síta, iṣẹ́ ti dé. Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá kíákíá, àwa tí a ní àroko, tí nǹkan ń bá wa sọ̀rọ̀ láìsí ẹnu. Kí wọ́n ri èèkàn pupa síbi ogún ọsàn tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́. Ọjọ́ tí títà bá dé ìdí èèkàn, kí wọ́n gbin àádọ́ta mìíràn.

Àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n dín gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kù dé òdo. Ohun tó bá gba òkun wọlé ní èbúté Owendo, bí irúgbìn àti oògùn kòkòrò, lè pẹ́ kó tó dé. Toyota fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Japan ní 2011, ní kí wọ́n máa kó àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ kan pa mọ́ fún oṣù mélòó kan. Irúgbìn inú agolo gbígbẹ kì í mu omi. Òun ni kí wọ́n tọ́jú.

Ìdílé àgbẹ̀ kan ti dán ọ̀nà Toyota yìí wò. Ben Hartman àti ìyàwó rẹ̀ ń dáko ní Goshen, ní ìpínlẹ̀ Indiana, lórí ilẹ̀ tí kò pé éékà kan, ó sì kọ ìwé The Lean Farm jáde ní 2015. Wọ́n kó irinṣẹ́ tí wọn kì í lò kúrò nílẹ̀, wọ́n sì gbé èyí tó kù kọ́ síbi tí wọ́n ti ń lò ó.

Ibi tó le jù fún ilé Yorùbá kì í ṣe irinṣẹ́; dídá iṣẹ́ dúró nígbà tí àbùkù bá yọ ni. Ní 1924, Sakichi Toyoda, tí ọmọ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀, parí òfì kan tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já. Ahunṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn mọ ìdí: ẹni tó bá ń hun lọ lórí òwú tó já, àbùkù ló ń hun. Nígbà tó yá, wọ́n na okùn kan sókè ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, òṣìṣẹ́ èyíkéyìí ló sì lè fà á kí iṣẹ́ dúró. Nínú ilé wa, ta ni ọmọ tó máa fa okùn lórí bàbá rẹ̀? Àbíkẹ́yìn ti rí kòkòrò funfun bí ẹfun lábẹ́ ewé hibiscus láti ọjọ́ mẹ́ta, ó pa ẹnu mọ́, torí wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ ewé kì í ṣe ti ọmọdé. Bẹ́ẹ̀, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí mo bá ní agbára lórí ìdílé náà, ohun kan ni mo máa bẹ bàbá fún: kí gbogbo wọn jọ rìn yí ọgbà ká láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣí i, kí àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí bàbá má sì béèrè ẹni tó ṣe é bí kò ṣe ohun tó fà á. Kí ló dé tí ìbẹ́pẹ wọ̀nyí fi kú? Omi ló pọ̀ jù. Kí ló dé tó fi pọ̀? Ẹni méjì ló bomi rin wọ́n láàárọ̀ kan náà. Kí ló dé? Ẹnì kejì kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe é. Kí ló dé tí kò fi mọ̀? Kò sí àmì lórí ebè. Kí ló dé tí kò fi sí àmì? A rò pé gbogbo wa á máa rántí ni.

Pátákó kékeré kan ló máa gbà, ojú kan funfun, ojú kejì aláwọ̀ ewé, tí ẹni tó bá bomi rin ebè yóò yí padà. Àbíkẹ́yìn ni kí wọ́n fún ní ọ̀dà kó kùn ún.